Ìdákẹ́ Oníṣẹ́jú Mẹ́rin

Ọlọ́run ò dá etí sí ẹ̀gbẹ́ orí wa kéèyàn lè rí ibi fi ìgò ojú kọ́. Ká lè máa gbọ́ràn ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó lo ọdún mẹ́ta gbáko nípò ńlá láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ẹnikẹ́ni, etí rẹ̀ méjèèjì sì dá ṣáká. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí n rò fún yín bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, àti bí omi díẹ̀ ṣe ṣí etí náà.

Olùdarí Àgbà fún Orin Orílẹ̀-Èdè àti Iyì Ìlú ni orúkọ ipò rẹ̀. Ọ̀gá Iyì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lójú rẹ̀; tó bá ti kọjá, wọ́n á ní Àgbá ti yí lọ, torí wọ́n mọ irú àgbá tó máa ń pariwo. Ó ga, ó sanra níwọ̀n, ó sì máa ń gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí omi mù dé ọrùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: kí orin orílẹ̀-èdè má parẹ́, kí ẹgbẹ́ afunfèrè ìjọba máa rí aṣọ wọ̀, kí ìwé orin àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì wà níbi tọ́wọ́ lè tó o nígbà tí Ààrẹ ìlú mìíràn bá ṣàlejò wá. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adàwékọ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń da ìwé orin kọ fún àwọn afunfèrè. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógójì tó kù ń ran Ọ̀gá Iyì lọ́wọ́ láti jẹ́ Ọ̀gá Iyì.

Bó ṣe dé ipò náà, ọ̀rọ̀ kan ló sọ. Orin orílẹ̀-èdè wọn ò gùn, ìlà mẹ́fà péré ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìlà kejì, gbogbo ènìyàn á dákẹ́, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin nínú, kí wọ́n tó gbé ìlà kẹta. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìdí. Nígbà tí Ọ̀gá Iyì ṣì jẹ́ akọ̀wé lásán, ó gun orí pèpéle lọ́jọ́ àjọ̀dún kan, ó ní òun mọ ìdí. Ó ní bàbá bàbá òun ló ṣáájú àwọn tó jà fún òmìnira lórí òkè. Ó ní ìbọn bà á, ó mí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó kú. Pé nítorí èémí mẹ́rin yẹn ni ẹni tó kọ orin náà ṣe fi àyè mẹ́rin sílẹ̀. Àwọn obìnrin sunkún. Ààrẹ nu ojú. Ọ̀sẹ̀ kejì ò tíì pé tí wọ́n fi fún un ní ọ́fíìsì, mọ́tò, àti ẹni tí yóò máa ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

Ẹ má bi mí bóyá òkè kan wà ní ìlú yẹn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì.

Ọ̀gá Iyì wá ṣòfin méjì fún ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tọ òun wá gbọ́dọ̀ ka gbogbo oyè òun tán kó tó sọ ohun tó bá wá. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wọlé, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ní, torí èémí mẹ́rin bàbá bàbá òun. Nígbà tí oyè jẹ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ò tíì le. Ṣùgbọ́n ó ní akọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Apọ́nlé, ẹni tó máa ń ronú kan oyè tuntun láràárọ̀ ọjọ́ Ajé kí tíì ọ̀gá tó tutù. Ó ń bù ú lé e, ó ń bù ú lé e, títí oyè fi pé mẹ́rìnlá lóṣù kẹta, tí kíkà wọn sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé, ló tó sinmi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni Alágogo jókòó sí, bàbá àgbà kan tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wo aago kó sì máa lu agogo kékeré kan lọ. Kò mọ ojúsàájú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, gbáún. Ẹni tó wá sọ pé òrùlé ń jò, ó ka oyè, gbáún, ó jáde. Ẹni tó wá sọ pé iná ń jó ní yàrá ẹ̀yìn, ó ka oyè, gbáún, ó jáde. Àwọn afunfèrè ló fi garawa pa iná náà. Ọ̀gá Iyì á délé, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ́fíìsì òun tutù bí omi àmù, ọdún mẹ́ta rèé, ẹnikẹ́ni ò mú ẹ̀sùn kankan wá.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lórí àga rẹ̀ ná, ká lọ sí yàrá ìwé orin. Yàrá náà gùn tóóró, pátákó ìkówèésí wà lọ́tùn-ún lósì, orúkọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà lára páálí tirẹ̀. Adàwékọ ò lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń da orin àwọn ẹlòmíràn kọ, ó ti ka ìtàn tó wà lẹ́yìn wọn. Ó lè sọ fún yín nípa orílẹ̀-èdè tí orin rẹ̀ ò ní ọ̀rọ̀ kankan, torí pé wọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ó lè fi èyí tó ń fi èdè márùn-ún kọ orin kan ṣoṣo hàn yín, kílé má bàa tú. Ó mọ èyí tí wọ́n fà yọ nínú ewì tí ẹsẹ rẹ̀ lé ní àádọ́jọ, àti ti ìlú alágbára kan tó jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń mutí ni ohùn orin rẹ̀ ti wá. Kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé orin orílẹ̀-èdè dà bí ọmọ ènìyàn, gbogbo wọn ni wọ́n bí ní ìhòòhò, aṣọ ló dé lẹ́yìn.

Ó sì mọ bí wọ́n ṣe bí tìlú tirẹ̀, torí pé bàbá tó bí i lọ́mọ wà níbẹ̀.

Bàbá Bóò ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Òun ló kọ́kọ́ fun fèrè ńlá fún ìjọba, fèrè idẹ tí wọ́n ń gbé sáyà bí ọmọ, tó máa ń dún bóò, bóò, nísàlẹ̀ orin. Bó ṣe rí nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n fa àsíá tuntun sókè nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìlú ò ní orin. Wọ́n sáré lọ bá olùkọ́ orin kan, wọ́n ní kó ṣe é kíá. Afunfèrè mẹ́sàn-án ló wà nígbà náà. Ẹni tó bá sì ti fun fèrè idẹ rí mọ̀ pé èémí máa ń di omi nínú rẹ̀. Tí omi bá pọ̀ jù, fèrè á máa dún bí ìkòkò tó ń hó. Ìdí nìyẹn tí irú fèrè bẹ́ẹ̀ fi ní ihò kékeré kan tó ní ọmọrí nísàlẹ̀, tí wọ́n á tẹ̀, tí omi á dà nù. Ti Bàbá Bóò ò ní. Àlòkù ni, ó ti jò rí, jórinjórin tí wọ́n gbé e fún sì dí ibi tó ń jò, ó dí ihò omi mọ́ ọn. Bí Bàbá Bóò bá fẹ́ da omi nù, àfi kó dojú odidi fèrè dé bí ẹni ń da garawa.

Olùkọ́ orin gbọ́ ọ nígbà ìdánrawò, pé ìlà kejì kì í parí kí ìkòkò tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ nínú orin, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Lọ́jọ́ àsíá, ìlà kejì parí, Bàbá Bóò tẹ̀ ba, ó dojú fèrè dé. Àwọn èrò ò rí omi. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó tẹ̀ ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Àwọn tó wà níwájú ṣí fìlà, àwọn tó tẹ̀ lé wọn tẹrí ba, títí tó fi dé ìparí pápá. Láti ọjọ́ náà ni odidi orílẹ̀-èdè ti ń tẹrí ba fún omi ẹnu Bàbá Bóò. Bàbá ò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Ọ̀ràn dé nígbà tí orin náà fẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Lẹ́tà kan wá láti ọ́fíìsì Ọ̀gá Iyì, pé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn yàrá ìwé orin, níbi tí Bàbá Bóò àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, wọn yóò wó o lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì àjọ̀dún. Wọ́n fẹ́ kọ́ Ilé Ìdákẹ́ síbẹ̀, ilé alájà mẹ́ta, níbi tí kò ní sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè máa wá dákẹ́. Nínú yàrá méjì yẹn ni wọ́n ti bí Adàwékọ. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ti mọ iye ìgbésẹ̀ tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, torí ojú àgbàlagbà náà ti ń ṣú. Tí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, yóò máa fi orí gbá ògiri ni títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Adàwékọ ní òun á lọ sọ òtítọ́ fún Ọ̀gá Iyì. Tó bá mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dákẹ́, kò ní kọ́lé fún un.

Nígbà àkọ́kọ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: Olùdarí Àgbà, Olùtọ́jú Iyì, Ọmọ-Ọmọ Akọni, Baba Àsíá, Ohùn Àwọn Tó Ti Dákẹ́… Ó dé oyè kọkànlá, gbáún.

Ó padà sílé, ó ń fi oyè dánra wò nídìí ààrò láìmí, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìsọdipúpọ̀. Nígbà kejì, ó ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, ó ku ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ní, “Ọ̀gá, nípa ìdákẹ́ yẹn…” Apọ́nlé na ìka sókè. Ó ní oyè méjì ti wọlé láàárọ̀ yìí, kó má fò wọ́n: Etí Ìlú, àti Ẹni Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ṣí Sílẹ̀. Gbáún.

Oyè ti di mẹ́rìndínlógún, ìṣẹ́jú ṣì jẹ́ mẹ́rin. Kò sí èémí tó lè ṣe é. Obìnrin náà wá ronú pé tí ẹnu ò bá lè sọ ọ́, kí ojú rí i. Nígbà kẹta, ó mú ìwé orin àkọ́kọ́ lọ, èyí tí olùkọ́ orin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó gbé e ka orí tábìlì, ó nàka sí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Iyì wo ìwé tó ti pọ́n rúsúrúsú. Ìgò ojú rẹ̀ ò sí lójú rẹ̀; Apọ́nlé ló máa ń kàwé fún un, Apọ́nlé kì í sì í ka ohun tí kò sí orúkọ ọ̀gá nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìjọba gba ẹ̀bùn náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà sí i, kí wọ́n gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà pápá ìṣeré lọ́jọ́ àjọ̀dún, kí gbogbo ayé lè rí i. Gbáún.

Bó ṣe ń jáde, Alágogo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Àǹtí mi, kí ni nǹkan náà gan-an? Ẹ sọ fún mi. Èmi ò ní oyè.”

Ó sọ fún un. Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí agogo ọwọ́ rẹ̀ fi ń dún fúnra rẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, Ọ̀gá Iyì ti rí i pé kíka ení dé ẹ̀rin kéré jù fún ẹ̀jẹ̀ àwọn baba òun. Ó pe àwọn oníwèé ìròyìn jọ. “Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ wa,” ló wí, “ǹjẹ́ èémí akọni àti èémí ẹni tó ń ta kẹ́rosíìnì lè jẹ́ ọgbọọgba? Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ibùsùn mi. Èémí akọni kan, ìṣẹ́jú kan. Èémí mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ là lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin náà, ẹ jẹ́ kó là, ẹ má sọ̀rọ̀.” Báyìí ni Òfin Ìdákẹ́ jáde. Òun nìkan ni yóò máa fi aṣọ ìnujú funfun ṣàmì pé ìdákẹ́ parí. Òṣìṣẹ́ ìjọba yòówù tó bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Apọ́nlé ní kó fi kún un pé “títí kan èmi Olùdarí Àgbà fúnra mi,” kí ìwé ìròyìn lè pè é ní olódodo. Ó fi kún un. Wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀.

Rédíò ń gbé orin náà jáde ní agogo méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Búrẹ́dì jóná káàkiri ìlú, torí àwọn tó ń ṣe é dúró níwájú ààrò, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan dúró pẹ̀lú abẹ lábẹ́ àgbọ̀n oníbàárà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn nínú dígí bí àgbò méjì. Ìyàwó kan ti dé ibi “Ìwọ ọkùnrin yìí, ìwọ” nígbà tí rédíò dé ìlà kejì. Ó dákẹ́. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́rin yóò fi pé, ó ti gbàgbé ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Ire kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé òfin náà ṣe nìyẹn.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Ọ̀gá Iyì ní kí wọ́n gbé Bàbá Bóò wá pẹ̀lú fèrè àtijọ́ náà, kí àlejò lè rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí wọ́n gbé máìkì sí ẹnu fèrè gan-an, kí bóò tó kẹ́yìn kí ìdákẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lè dún dé etí òkun. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Adàwékọ ń dé bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá rẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù lónìí. Tí ìdákẹ́ bá dé, ẹ kàn gbá a mọ́ra.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, sà. Tínú Ọ̀gá bá dùn, bóyá yóò fi ilé sílẹ̀ fún wa.”

Bàbá ronú sí i. “Màá gbìyànjú, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé mi ò fi fèrè olómi kọrin ìlú rí.”

Pápá kún fọ́fọ́. Ààrẹ jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Ààrẹ àlejò wà, ìyá àgbà kan tó fi gèlè dúdú wé orí, tó sì ti rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá Iyì sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó gun òkè tí kò sí náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yìnbọn fún bàbá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, nígbà tó máa fi kú, oòrùn ti yí. Ẹgbẹ́ afunfèrè fun orin orílẹ̀-èdè àlejò tán, wọ́n gbé tiwọn. Ìlà kìíní. Ìlà kejì. Bóò. Ìdákẹ́ ṣubú lu pápá bí aṣọ.

Ìṣẹ́jú kan. Alágogo ń wo aago. Ìṣẹ́jú méjì. Bàbá Bóò gbá fèrè mọ́ra, ó sì ń gbọ́ omi tó ń mì nínú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tó ń rò kì í ṣe ilé. Ó ń rò pé ìnujú funfun yóò gbéra, ìlà kẹta yóò dé, ohun tí yóò sì jáde lẹ́nu fèrè òun ni ariwo ìkòkò, lójú àlejò, lórí orin tí òun ti tọ́jú láti àádọ́ta ọdún. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adàwékọ rí ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó mọ ohun tí yóò bá a lọ, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká pé kó ṣe é.

Bàbá Bóò dìde. Ó tẹ̀ ba tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dojú fèrè dé.

Gbulọ-gbulọ-gbulọ. Máìkì gbé e. Sípíkà mẹ́rìnlélógún gbé e. Rédíò gbé e lọ sí gbogbo ilé tó wà ní orílẹ̀-èdè náà. Omi ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, kò sì tètè tán, torí àgbàlagbà náà ṣì ní èémí nínú. Àwọn afunfèrè yòókù wo ara wọn. Wọ́n rò pé ó ti yá nìyẹn, àwọn náà tẹ ihò tiwọn, ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì, láti apá ọ̀tún dé apá òsì.

Ọ̀gá Iyì fò sókè. “Kí lò ń ṣe yẹn, bàbá yìí? Nínú ìdákẹ́ bàbá bàbá mi!”

Máìkì gbé ìyẹn náà.

Ààrẹ yíjú sí Alágogo, ó fi ojú bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni. Alágogo na ìka mẹ́ta sókè, ó tún na ẹyọ kan: ọ̀kan ṣì kù. Ojú gbogbo ènìyàn kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì, ó lọ sí ara ẹni tó ṣòfin.

Bàbá Bóò ti fẹ̀yìn tì láti ogún ọdún, òfin ò kàn án, ó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, “Omi ni mò ń dà nù. Ohun tí wọ́n ṣe ìdákẹ́ náà fún nìyẹn.”

Ààrẹ àlejò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ti fun fèrè nílé ẹ̀kọ́ rí. Ó fi gèlè bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, ó ní tòun náà máa ń kún. Ẹ̀rín ran Ààrẹ, ó ran àga tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Iyì ń pariwo pé irọ́ ni, kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Alágogo kò dúró kí wọ́n rán òun. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé férémù aláwọ̀ wúrà náà wá. Ààrẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ti pé, kí Adàwékọ kà á.

Obìnrin náà la ẹnu, ó dúró. Ààrẹ ní kí ló ń dúró dè.

“Oyè yín, sà. Mélòó ni?”

“Ẹyọ kan, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kàwé, ìyá mi.”

Ó kà á bí olùkọ́ orin ṣe fi pẹ́ńsù kọ ọ́: “Kí gbogbo yín dúró níbí, kí Bóò da omi rẹ̀ nù.”

Mi ò lè fi ẹnu ròyìn ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Àwọn tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Bàbá Bóò yíjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ohùn Ọ̀gá Iyì. “Bàbá bàbá rẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́,” ló wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Òun ló ń ta sítáǹbù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí lọ́jọ́ àsíá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo da omi náà sí. Bàtà rẹ̀ tuntun rin gbingbin. Ó ní kò burú, pé ẹsẹ̀ òun ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ènìyàn rere ni.”

Ààrẹ wo Ọ̀gá Iyì. Ó ní òfin rẹ̀ yé òun, ṣùgbọ́n wọn kì í dájọ́ ẹni tí kò tíì sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní kó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin tó máa ń fún àwọn ènìyàn, kó fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀gá Iyì tún ẹ̀wù ṣe. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìsí oyè, ẹ̀yin èèyàn mi, etí rẹ̀ ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn láti ọdún mẹ́ta. “Èmi Olùdarí Àgbà,” ló wí, “Olùtọ́jú Iyì, Ọmọ-Ọmọ Akọni, Baba Àsíá, Ohùn Àwọn Tó Ti Dákẹ́…” Ó ń lọ. Apọ́nlé, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ń ka ọwọ́ kó má bàa fo ìkankan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Etí Ìlú ni.

Gbáún.

Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, lójú àwọn oníwèé ìròyìn kan náà tó pè é ní olódodo. Wọ́n ṣì pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí wọ́n ti ń mú un jáde, Bàbá Bóò gbé fèrè sáyà, ó bi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ṣé wọn ò ní parí orin náà ni. Lóòótọ́, ìlà kẹta ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n gbé e. Kò sí omi kankan nínú bóò náà. Ó dún mọ́ tónítóní, ó gba inú ìjókòó igi wọ ara ènìyàn.

Wọn ò wó yàrá méjì náà. Ìdákẹ́ ti padà di ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àwọn ará ìlú ṣì ń tẹrí ba, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń yí ọwọ́ po bí ẹni ń da garawa, àwọn olùkọ́ wọn á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Apọ́nlé wá bá Adàwékọ lọ́sẹ̀ kan náà, ó ti ní oyè mẹ́ta fún un. Adàwékọ fún un ní ìgbálẹ̀, ó ní yàrá ìwé orin ní eruku.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, ẹnì kan wá kan ilẹ̀kùn yàrá méjì náà.

“Ta nìyẹn?” ni Bàbá Bóò wí.

Ẹni tó wà níta ò tètè dáhùn. Èèyàn ì bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

“Èmi ni, sà.”

“Wọlé, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn ò tì.”

Ọkùnrin gíga náà wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àpótí. Ó ní òun ò bá nǹkan mìíràn wá, ìtàn bàtà bàbá bàbá òun ni òun fẹ́ gbọ́ dáadáa. Ó gba àgbàlagbà náà tó wákàtí kan gbáko, torí ó tibi sítáǹbù bẹ̀rẹ̀, ó fi àwọ̀ bàtà kún un, ó sì fi ohun tí ọkùnrin náà sọ nípa oyún ìyàwó ọmọ rẹ̀ kún un. Àlejò náà ò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó sì ń gbọ́.